Ọjọ́ Tí Mo Lọ Bẹ Ọ̀gá Ọmọ Mi

Ẹ jókòó dáadáa, kí ẹ sún mọ́ ara yín. Ìwọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, mo rí ẹ o, fi fóònù yẹn sápò. Mi ò ní pẹ́. Irọ́ ni mo pa, màá pẹ́, torí orúnkún mi kì í jẹ́ kí n tètè dìde mọ́ tí mo bá ti jókòó. Pásítọ̀ ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí òfin karùn-ún, èyí tó ní kéèyàn bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó ní èmi ni mo dàgbà jù nínú ìjọ yìí, pé á rọrùn fún mi. Kò rọrùn fún mi rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò buyì kún mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sílé ná. Ìlú kékeré kan ni wọ́n bí mi sí, kò jìnnà sí Ọ̀yọ́. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá mi, ó sì tún ń dáko. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìró ìgbálẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ṣáà, ṣáà, ṣáà, láti ojúlé dé ojúlé, bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ti jọ ṣàdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni agogo ọwọ́ bàbá mi á dún. Bó ti wù kí oorun ṣe ẹ́ tó, o gbọ́dọ̀ dìde. Orí ẹní la máa ń jókòó sí fún àdúrà, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ka ẹsẹ Bíbélì kan lórí. Èmi fẹ́ràn ẹsẹ tó sọ pé Jésù sọkún, torí ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Bàbá mi á ní, “Ó tún ti sọkún lónìí? Ó dáa, lọ pọnmi kún àmù kó o tó jẹun.” Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á máa fi mí rẹ́rìn-ín títí dé odò.

Àdúrà òwúrọ̀ yẹn gùn. Bí bàbá mi bá dé orí Òfin Mẹ́wàá, kì í sáré kà á kọjá bí tiyín nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Á dúró. Á bi wá pé, “Lánàá, ta ló parọ́ nínú yín?” Gbogbo wa á wo ẹní. Ó ní ọ̀wọ̀ tí òun fẹ́ lọ́dọ̀ wa kọjá dọ̀bálẹ̀, pé bí a ṣe ń ṣe níbi tí òun ò sí ni òun máa fi mọ̀ bóyá a bọ̀wọ̀ fún òun. Ó ní Sólómọ́nì ọba pàápàá sọ ọ́, pé ọmọ tó bá gbọ́n ló ń múnú bàbá ẹ̀ dùn. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, ebi ń pa mí, mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Ohun tí mo mọ̀ ni ìbéèrè kan tó máa ń dẹ́rù bà mí. Bó o bá kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, tàbí ẹ jọ ń bú ara yín lójú ọ̀nà odò, ẹnì kan á pè ẹ́ látẹ̀gbẹ́ ògiri pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ta ni ẹ́?” Ara rẹ á tutù wàì. Torí orúkọ bàbá rẹ lo máa dá lóhùn, ọ̀rọ̀ yẹn á sì ti délé kí ẹsẹ̀ rẹ tó délé. Lónìí, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé lókè òkun níbí, nínú àwọn ilé gogoro Co-op City. Mo máa ń bá àwọn ọmọdé wọ ẹlifétọ̀ láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè lọ́hùn-ún, wọ́n ti nǹkan bọ etí, ojú wọn á gba orí fìlà mi kọjá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọmọ ta ni wọ́n. Èmi náà kì í béèrè. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa pe ọlọ́pàá.

Ọdún Ìkórè kan ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ń gbọ́ Ìkórè, ẹ rò pé kí wọ́n dìde láwùjọ láwùjọ láti jó lọ síwájú ni. Tiwa, inú oko ló ti ń wá. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta la ti máa ń ru iṣu, àgbàdo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ síwájú pẹpẹ, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á máa ta sánsán. Èmi ni wọ́n ní kí n gbálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo jáde kẹ́yìn. Nígbà tí Bàbá Ìjọ dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti lọ. Ilé wa ló gbà wá tààrà, ó ń pariwo pé èmi ni mo jẹ ẹ́.

Bàbá mi ò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, tòun taṣọ ìsìn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi foríji ọmọ yìí. Kò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.” Èmi tí mi ò fẹnu kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo! Mo sunkún títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ìgbà tí bàbá yẹn lọ tán ni bàbá mi wá gbọn eruku ara ẹ̀, ó bi mí pé, “Ṣé ìwọ ni?” Mo ní èmi kọ́. Ó ní, “Mo mọ̀.” Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ká ewúrẹ́ ìyàwó sẹ́sítìn, olùtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ ẹ̀yìn pẹpẹ, ó tún ti pa dà wá. Bàbá Ìjọ fúnra ẹ̀ ló wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ mu ẹ̀kọ.

Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọn ò ní torí pé o bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sọ pé o jẹ̀bi. Wàá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí ọkàn ẹni tó ń bínú lè rọ̀, kó tó wá gbọ́ àlàyé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni mo ti ṣìnà.

Gbogbo yín lẹ mọ Bùkọ́lá, ọmọ mi. Nọ́ọ̀sì ni, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Èmi àtòun nìkan la jọ ń gbé láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé kí àsìkò ẹ̀ tó tó. Kò bọ́ kóòtù. Ó jókòó sídìí tábìlì ìdáná, ó ní, “Dádì, ẹ káàsán,” ohùn ẹ̀ ò sì jáde.

Mo ní, “Kí ló dé? Ta ló kú?”

Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní nígbà tí òun dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, òun bá ìyá àgbà kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, egungun ìbàdí ẹ̀ ti kán. Ìyá náà ti ń ké tipẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa wò ó ní wákàtí méjì-méjì, kò sẹ́ni tó yọjú sí i láti òru. Ọ̀gá wọn wá gbé ìwé kan wá, ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bùkọ́lá wo ìyá náà láago márùn-ún ìdájí, pé àlàáfíà ló wà. Ó ní kó fọwọ́ sí i, kí ọ̀rọ̀ parí. Bùkọ́lá ní òun ò tíì dé láago márùn-ún, òun ò lè fọwọ́ sí i. Kó tó di ọ̀sán, ìtàn ti yí pa dà. Wọ́n ní òun ló tọ́jú ìyá náà kẹ́yìn lálẹ́ àná, pé òun ni kò gbé irin ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sókè. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi pè é. Bó bá jẹ̀bi, wọ́n máa gba láísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ wojú mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí, torí mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Mo ní, “Pa dà lọ. Lọ fọwọ́ sí i.”

Ó ní, “Dádì, irọ́ ni.”

“Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ta ni irọ́ náà máa pa lára? Ìyá yẹn ti ṣubú ná.”

 Ó kàn ń wò mí bí ẹni pé àlejò ló ṣílẹ̀kùn fún. Ó wá dìde, ó lọ fi kóòtù kọ́.

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mi ò ní fi nǹkan mìíràn bò ó. Ogún ọdún lọmọ yìí fi kàwé, tó fi gbé ìdọ̀tí àwọn arúgbó, tó fi ń jáde nínú yìnyín. Mo rí i lójú mi bí wọ́n ṣe máa gba gbogbo ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.   Bí mo bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, orúkọ ọ̀gá yẹn ló ń wá sí mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo sọ fún ara mi pé, ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé bàbá ni ẹ́ àbí kí ni? Lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ rẹ.

Mi ò sọ fún Bùkọ́lá. Mo wọ agbádá, mo dé fìlà. Mo kọ́kọ́ wá sí ìsọ̀ àwọn ará ìlú wa tó wà ní University Heights níbí, mo ra iṣu ńlá méjì àti ìgò epo pupa kan, torí èèyàn kì í lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ lásán. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà rí mi, ó ní ta ló mú mi wá, ṣé mo ti lo oògùn mi. Ó rò pé wọ́n fẹ́ wá fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni! Mo ní ọ̀gá ni mo wá rí.

Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá náà. Bó ṣe ní kí n jókòó ni mo dọ̀bálẹ̀. Yéè! Ó figbe ta. Ó rò pé mo ṣubú ni. Kí n tó sọ pé kí ni, àwọn méjì ti gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn dé, wọ́n ń fà mí lápá, èmi náà ń fà á gbà, fìlà mi bọ́. Láti ilẹ̀ ni mo ti fi gẹ̀ẹ́sì mi bẹ̀ ẹ́. Mo ní ọmọdé ni Bùkọ́lá, kó jọ̀ọ́ kó foríjì í, kò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Sà, kí ló ṣe tí kò ní ṣe mọ́?”

Mo ní, “Ohun tí ẹ bá ní ó ṣe, mà.”

Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n pe orúkọ mi ní lẹ́tà lẹ́tà. Inú mi dùn, mo rò pé ó ń kọ ọ́ pé òun ti foríjì í. Kò gba iṣu. Mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, mo dúpẹ́, mo jáde. Mo ń kọ orin ọpẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, àfi ìgbà tí obìnrin kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kẹta ni lẹ́tà ilé iṣẹ́ ẹ̀ dé. Orí ìdúró ni Bùkọ́lá wà tó fi kà á. Wọ́n ní bàbá ẹ̀ ti wá jẹ́wọ́ pé ọmọ òun jẹ̀bi, pé ó gbé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wá, àti pé ìgbìmọ̀ kan máa gbọ́ ẹjọ́ náà. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ń dúró kó pariwo mọ́ mi, mo tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó pariwo. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé oúnjẹ mi wá, ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, “Dádì, ẹ jẹun.” Mi ò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó ìyẹn rí.

Lọ́yà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fún un sọ fún un lórí fóònù pé ọ̀nà kan ló kù. Kí dókítà kọ̀wé pé orí mi ò pé mọ́, pé mo ti ń ṣarán. Ohun tí mo sọ níbẹ̀ á di ọ̀rọ̀ asán. Mo ní mo gbà! Kí wọ́n pè mí ní wèrè bó bá máa gbà á. Mo tilẹ̀ ń fi bí màá ṣe lanu sílẹ̀ dánra wò níwájú dígí. Bùkọ́lá ní, “Dádì, ẹ kúrò níbẹ̀ yẹn.”

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Ọ́fíìsì kan ni, ní Manhattan, àwọn ìgbìmọ̀ mẹ́ta ló jókòó lẹ́yìn tábìlì. Obìnrin olórí ewú kan ló ṣe alága. Mo jókòó sẹ́yìn Bùkọ́lá. Ọ̀gá ẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní kò sí ìwé kankan tí òun gbé fún un pé kó fọwọ́ sí, pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ ni Bùkọ́lá hùmọ̀ ọ̀rọ̀ ìwé. Lẹ́yìn náà ló ka ọ̀rọ̀ tèmi tó kọ sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló kà, pẹ̀lú iye iṣu.

Alága bojú wo Bùkọ́lá. Ó ní, “Ṣé orí bàbá rẹ pé?”

Mo rí ẹsẹ̀ lọ́yà tó fi tẹ ẹsẹ̀ ọmọ mi lábẹ́ tábìlì. Mo ń wí nínú mi pé, sọ pé kò pé, ọmọ mi, jọ̀ọ́, sọ pé kò pé.

Bùkọ́lá ní, “Orí ẹ̀ pé. Níbi tó ti wá, bàbá máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ kó tó béèrè ohun tó ṣe. Ó ṣe é síbi tí kò yẹ ni. Èmi ò ṣe ohun tó torí ẹ̀ bẹ̀bẹ̀.”

Alága ní, “O ní o kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan. Èèyàn púpọ̀ ni ì bá fọwọ́ sí i. Kí ló dé tí ìwọ ò ṣe é?”

Ó ní, “Bàbá mi ló kọ́ mi. Láràárọ̀ tí mo wà ní kékeré ló ń bi wá pé ta ló parọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ, òtútù mú mi nínú agbádá. Òótọ́ lọmọ yẹn sọ, mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni mo fi ní kó lọ fọwọ́ sí i, ó sì mọ̀, èmi náà mọ̀. Ó ń bu ọlá fún mi níwájú àwọn àjèjì, èmi jókòó síbẹ̀, mò ń gbà á. Mo rò ó pé bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mo tún rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, mo lè tún ba tiẹ̀ jẹ́, bí mo ṣe bà á jẹ́ lọ́jọ́ iṣu. Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Mo ṣáà bá ara mi lórí ìdúró.

Lọ́yà ní, “Sà, ẹ jókòó.”

Mo ní, “Mi ò jókòó. Mo kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tó délé, èmi ni mo ní kó pa dà lọ fọwọ́ sí ìwé irọ́ yẹn. Ó kọ̀ sí mi lẹ́nu.”

Alága ní, “Ìwé wo?”

“Ìwé tó sọ pé ó wo ìyá náà láago márùn-ún.”

“Ìgbà wo ló sọ ọ́ fún yín?”

“Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, kò tíì bọ́ kóòtù. Lẹ́tà kankan ò tíì dé.”

“Kí ló dé tí ẹ wá lọ bẹ̀bẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà. Títí di báyìí náà.”

 Alága gbé kálàmù sílẹ̀. Ó sọ fún àwọn méjì ẹgbẹ́ ẹ̀ pé bàbá tó bá fẹ́ parọ́ gba ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ ò ní sọ irú èyí nípa ara ẹ̀. Ó ní kí ilé iṣẹ́ gbé gbogbo fáìlì ọjọ́ yẹn wá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí ìwé náà níbẹ̀, orúkọ Bùkọ́lá wà lórí ẹ̀, aago márùn-ún wà lórí ẹ̀, ibi tó yẹ kó fọwọ́ sí ṣófo. Wọ́n dá a pa dà sẹ́nu iṣẹ́, láísẹ́ńsì ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ yẹn, a ò tíì mọ èyíkéyìí nínú ìyẹn. A jáde sí kọ́rídọ̀, àwa méjèèjì. Ọmọ yìí tí kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n lé e wálé, tí kò sunkún lọ́jọ́ lẹ́tà, ó fara ti ògiri, ó bú sẹ́kún. Mo ní, “Bùkọ́lá, má bínú. Bí iṣẹ́ yẹn bá lọ, Ọlọ́run á ṣe òmíràn.”

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, “Dádì, iṣẹ́ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí ẹ ní kí n lọ fọwọ́ sí i ni. Mo rò pé bàbá mi ti lọ, ẹ kàn jókòó síbẹ̀ ni.”

  Títí dòní, láràárọ̀ tó bá ń kí mi pé ẹ káàárọ̀, Dádì, ojú ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, mo sì máa ń fi ẹ̀rù wò ó, bóyá bàbá ẹ̀ ló ṣì ń rí.